Tábìlì Tó Ga Ju Ìgúnpá Lọ

Àpótí ni wọ́n kọ́kọ́ gbà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kó tó di pé ọwọ́ fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún un lọ́jọ́ náà pé ohun tí èèyàn fẹsẹ̀ tẹ̀ lè pinnu ohun tí ọwọ́ rẹ̀ máa lè ṣe, ṣe ni ì bá fi onítọ̀hún rẹ́rìn-ín. Àmọ́ bẹ́ẹ̀ ló rí, ọ̀rọ̀ náà sì ń ká a lára títí dòní.

Kúkúrúbíikú ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Kì í ṣe èébú. Òun gan-an ló fún ara rẹ̀ lórúkọ náà lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ débẹ̀, nígbà tó rí i pé àwọn obìnrin tó kù ń wo òun, wọ́n tún ń wo tábìlì, wọ́n sì ń ṣẹ́jú síra wọn.

"Ẹ má wulẹ̀ yọ́ ojú wò mí," ó ní. "Kúkúrú bí ikú ni mí. Ikú ò ga, àmọ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò tó kò sí."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn bí àtè.

Ilé ìfọṣọ ńlá kan ni. Aṣọ ibùsùn àwọn òtẹ́ẹ̀lì, aṣọ àwọn aláìsàn láti ilé ìwòsàn, aṣọ funfun àwọn alásè, gbogbo rẹ̀ ló ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé nínú àpò pẹ̀lú òórùn àti àbàwọ́n, tó sì ń gba iwájú jáde ní kíká bí ìwé tuntun. Láàárín ẹ̀yìnkùlé àti iwájú ni gbọ̀ngàn gígùn kan wà, fèrèsé rẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ò fi lè rí ìta. Ibẹ̀ ni àwọn tábìlì ìlọṣọ tò sí, áyọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan lórí tirẹ̀, okùn iná wọn rọ̀ wálẹ̀ láti òkè àjà. Ọkùnrin ló ń lọ aṣọ níbẹ̀ láyé àtijọ́, ìwọ̀n àwọn ọkùnrin yẹn ni wọ́n sì fi kan tábìlì. Àwọn ọkùnrin ti bá tiwọn lọ, obìnrin ti rọ́pò wọn, ṣùgbọ́n tábìlì kì í gbọ́ ìròyìn.

Nígbà tó délé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé tábìlì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àyà òun. Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ àyàfi tí ọ̀rọ̀ bá kan pákó. Ó ní kó dúró, kó jẹ́ kí apá rẹ̀ rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó wá ká ìgúnpá bí ẹni gbé àwo dání. Ó gbé ọ̀pá kan tì í, ó fi pẹ́ńsùlù fa ìlà síbi tí ìgúnpá náà mọ.

"Ibi tí ìgúnpá rẹ bá wà, ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ gbọ́dọ̀ wà," ó ní. "Èmi kì í gbé pákó sókè orí kí n tó fi ayùn rẹ́ ẹ."

Ó kan àpótí kan fún un, ó fẹ̀, ó le, kò ga jù, ó sì gbẹ́ àwòrán ẹja kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n má bàa gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Orí àpótí yìí ni Kúkúrúbíikú ń dúró sí. Ìgúnpá rẹ̀ a sún mọ́ ẹ̀gbẹ́, èjìká rẹ̀ a wà nílẹ̀, ọrùn-ọwọ́ a nà gbọọrọ, áyọ́ọ̀nù a sì máa yọ̀ lórí aṣọ bí ọkọ̀ ojú omi tó rí atẹ́gùn. Àwọn obìnrin mìíràn tí wọ́n kúrú rí i, wọ́n ní kí ó bẹ ọkọ rẹ̀ kó kan tiwọn náà. Bó ṣe di pé àpótí wà nídìí tábìlì tó pọ̀ nínú gbọ̀ngàn náà nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò sì ṣubú, ẹnikẹ́ni ò jóná, ọwọ́ kankan ò dun ẹnì kankan ju bó ṣe yẹ kí iṣẹ́ dunni lọ.

Ìgbà tó wá yá, wọ́n yan ọ̀gá tuntun.

Ọkùnrin náà ga. Ó ga débi pé tó bá fẹ́ wọlé, orí ló máa ń kọ́kọ́ tẹ̀ fún ẹnu ọ̀nà. Kò ì lo ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Àgùntáṣọọ́lò, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Kò dàgbà ju àbúrò Kúkúrúbíikú lọ, aṣọ rẹ̀ sì mọ́, èyí tó yẹ ọ̀gá ilé ìfọṣọ. Ó rìn yí gbọ̀ngàn ká, ó dúró nídìí àpótí tó ní ẹja lára, ó fi ìmú bàtà tì í.

"Kí ni gbogbo ìwọ̀nyí?"

"Àpótí ni, ọ̀gá," Kúkúrúbíikú dáhùn. "Òun la fi ń ga tó tábìlì."

"Mo mọ̀ pé àpótí ni. Mo ní kí ló ń wá níbí? Ṣé ilé iṣẹ́ nìyí, àbí ibi tí wọ́n ti ń pàlọ́ fọ́mọdé?"

Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, tí tábìlì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Kúkúrúbíikú, tí kò sì lè rí ọ̀rọ̀ nílẹ̀ kó fò ó kọjá, ní, "Ọ̀gá, tẹ́ ẹ bá gbé e kúrò, abẹ́ tábìlì lẹ ó ti máa wá eléyìí o."

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín.

"Àwọn ará òtẹ́ẹ̀lì máa ń wá wo ibi tí wọ́n ti ń lọ aṣọ wọn," ó ní. "Wọn ò gbọdọ̀ bá àwọn èèyàn lórí àpótí bí ẹni tó fẹ́ ká mángòrò. Tí ẹnì kan bá sì fẹsẹ̀ kọ, tó ṣubú tòun ti áyọ́ọ̀nù gbígbóná ńkọ́?"

"Ẹnì kankan ò ṣubú rí, ọ̀gá."

"Ẹni tó máa ṣubú kì í ránṣẹ́ sílẹ̀."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti kó àwọn àpótí náà lọ. Wọ́n sì kìlọ̀ fún Bàbá Géètì, àgbàlagbà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, pé àpótí kankan ò gbọdọ̀ wọlé mọ́.

Ohun tó yẹ kí gbogbo èèyàn mọ̀ nípa ara ni pé kì í dákẹ́ tí nǹkan bá wọ́, àmọ́ kì í fìgbà gbogbo ké láti ibi tí nǹkan ti wọ́. Nígbà tí àpótí kúrò, ilẹ̀ fa Kúkúrúbíikú sísàlẹ̀, tábìlì sì dúró síbi tó wà. Kí ọwọ́ rẹ̀ tó lè dé orí aṣọ, ìgúnpá ní láti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó gòkè bí ìyẹ́ adìẹ. Kí ìgúnpá tó lè gòkè, èjìká ní láti sún mọ́ etí. Nígbà tí apá ti wá ń ti òkè bọ̀ báyìí, kí ojú áyọ́ọ̀nù tó lè dùbúlẹ̀ lórí aṣọ, ọrùn-ọwọ́ ní láti tẹ̀ wálẹ̀, kó tún wọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló wà látàárọ̀ dọjọ́rọ̀. Èjìká ò sọ̀rọ̀, ìgúnpá ò sọ̀rọ̀. Ọrùn-ọwọ́ ló figbe ta. Ó wá dà bíi ti ọkọ àti aya tó ń jà, tí ọmọ wọn ń sunkún láàárín, tí aládùúgbò wọlé tó sì lu ọmọ.

Ọmọ yẹn ni gbogbo wọn jọ ń lù. Nígbà tí ìrora bẹ̀rẹ̀, Kúkúrúbíikú ya etí aṣọ ibùsùn ògbólógbòó kan, ó fi de ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ pinpin. Àwọn obìnrin tí wọ́n gba àpótí lọ́wọ́ wọn náà ya tiwọn. Ó wá di àṣà. Láàárọ̀, kí wọ́n tó tan áyọ́ọ̀nù, wọn a na ọwọ́ síra wọn, wọn a bára wọn dè é, wọn a sì fi eyín fa kókó rẹ̀ le.

"Fà á dáadáa," Kúkúrúbíikú a wí. "Mi ò fẹ́ kó mira."

"Tí mo bá fà á ju báyìí lọ, ìka ẹ á já bọ́," Ẹlẹ́rìn-ín a dáhùn.

Ẹni tí kò so àkísà mọ́wọ́ dà bí ẹni tí kò ṣiṣẹ́. Wọ́n ń fi í yangàn, kò sì sẹ́ni tó bèèrè ìdí tí ó fi jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń dè é le tó ni ó ń dùn tó. Ọ̀gá rí àkísà náà, ó mi orí. Ó ní ọwọ́ obìnrin rọ̀, pé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá a. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń káàánú wọn. Àánú yẹn ló ń dun Kúkúrúbíikú jù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó fẹ́ de bọ́tìnnì bùláòsì rẹ̀, àwọn ìka kọ̀. Wọ́n wà níbẹ̀, ó ń rí wọn, ṣùgbọ́n pajápajá ti gbà wọ́n, bọ́tìnnì náà kàn ń yọ́ bọ́ bí ẹja. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń múra àtilọ sí ilé ìwé yọjú.

"Ẹ jẹ́ n bá yín dè é, Màmá."

"Kúrò níbẹ̀. Ta ló ń bá ẹ de tìẹ níjọ́sí?"

Ọmọ náà ò kúrò. Ó dúró níwájú ìyá rẹ̀, ó ń dè é láti òkè wálẹ̀, kò sì gbójú sókè. Nígbà tí ìyá náà wá fẹ́ gbé ife tíì, ife bọ́, ó fọ́ sílẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ jáde láti yàrá. Ó wo àwókù ife, ó wo àkísà ọwọ́.

"Ìyá wọn," ó ní, "àpótí ńkọ́?"

Kò tíì sọ fún un. Ó mọ̀ pé tóun bá sọ, yóò lọ jà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ti dé ojú ẹ̀.

"Wọ́n ti gbà á."

"Ta ló gbà á?"

"Ọ̀gá. Ó ní kò wu ojú."

"Àpótí tí mo fọwọ́ mi kàn," ó wá ní. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa àwókù ife. "Gba ilé ìwòsàn lọ lónìí. Iṣẹ́ á dúró."

Ní ilé ìwòsàn, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń tọ́jú eegun àti iṣan ló gbà á sí yàrá. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó mú àlùmọ́gàjí, ó gé àkísà náà.

"Màmá, ta ló ní kẹ́ ẹ dè é báyìí?"

"Gbogbo wa la ń dè é."

"Kí gbogbo yín lọ tú u. Ẹ̀ ń fún ohun tó ti há tẹ́lẹ̀ mọ́ra ni." Ó gbá a lápá mú. "Ẹ jẹ́ kí ìgúnpá sún mọ́ ẹ̀gbẹ́. Ẹ ká a. Ẹ wá yí ọwọ́ bí ẹni fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ ṣí ilẹ̀kùn."

Ó dùn ún, àmọ́ ọwọ́ náà yí.

"Ó dáa. Ẹ gbé ìgúnpá yẹn sókè wàyí, kó bá èjìká dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ tẹ ọwọ́ wálẹ̀ bí ẹni di áyọ́ọ̀nù mú. Ẹ yí i."

Ọwọ́ dúró gbagidi. Ìrora kan gba ọrùn-ọwọ́ lọ sí ìgúnpá, ó gba ibẹ̀ lọ sí ọrùn, omi sì lé sí i lójú.

"Ọwọ́ kan náà ni o," ọ̀dọ́bìnrin náà ní. "Kí ló yí padà?"

"Apá ni."

"Apá ni. Àwọn iṣan tó ń fa ìka yín, ìtòsí ìgúnpá ni wọ́n ti ń bọ̀, inú ihò tóóró kan níbi ọrùn-ọwọ́ ni wọ́n sì ń gbà kọjá. Tí apá bá wà nílẹ̀ tí ọrùn-ọwọ́ nà, wọ́n á máa lọ wọ́n á máa bọ̀. Ẹ bá gbé apá sókè tẹ́ ẹ tẹ ọrùn-ọwọ́ kọrọdọ, tẹ́ ẹ tún wá fi agbára lé e látàárọ̀ ṣúlẹ̀, wọ́n á máa há ara wọn mọ́ inú ihò yẹn, wọ́n á máa wú. Ẹ ò ṣàìsàn ọwọ́, Màmá. Báwo ni tábìlì yín ṣe ga tó?"

Kúkúrúbíikú fi ọwọ́ kan àyà rẹ̀.

Ọ̀dọ́bìnrin náà mí kanlẹ̀. "Mo lè fún yín lóògùn, mo lè kọ́ yín bí ẹ ó ṣe máa na ọwọ́. Àmọ́ tí tábìlì yẹn ò bá yí padà, à kàn ń gbọ́n omi nínú ọkọ̀ tó lu ni."

"Tí kò bá wá yí padà ńkọ́?"

"Ọjọ́ ń bọ̀ tí ìka wọ̀nyí ò ní mọ ohun tí wọ́n dì mú mọ́."

Kúkúrúbíikú fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn láti ibẹ̀ lọ tààrà sí ilé iṣẹ́, ó ń wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bí ẹni tó gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá. Nínú gbogbo ìrìn yẹn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn rẹ̀. Òun á ṣàlàyé. Ọ̀gá á gbọ́. Èèyàn kan ò lè gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí kó má gbé àpótí sílẹ̀.

Ó kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, ó wọlé, ó sì rí àpótí rẹ̀. Òun náà ni, tòun ti ẹja rẹ̀. Fáànù ni wọ́n gbé lé e lórí, ó ń fẹ́ yẹ́ẹ́ sí ojú ọ̀gá.

"Ẹ káàsán, ọ̀gá. Àpótí mi rèé."

Ọ̀gá yíjú wò ó. "Ó dáa tí mi ò sun ún. Fáànù yìí kúrú jù, afẹ́fẹ́ rẹ̀ kì í dé ojú mi."

Kúkúrúbíikú dúró. Ó kọ́kọ́ rò pé ọkùnrin náà ń ṣàwàdà. Ó wo ojú rẹ̀, kò rí àwàdà kankan níbẹ̀. Ó ti sọ ọ́, kò sì gbọ́ ohun tó fẹnu ara rẹ̀ sọ. Fáànù tó kúrú ní ẹ̀tọ́ sí àpótí.

Síbẹ̀, ó ṣàlàyé. Ó ṣàlàyé ìgúnpá, ó ṣàlàyé èjìká, ó ṣàlàyé ihò tóóró. Ọ̀gá ń fi pẹ́ẹ̀nì lu tábìlì.

"Ìyá, tábìlì kan náà ni gbogbo yín ń lò. Kí ló dé tí ọwọ́ àwọn tó ga kò dùn wọ́n?"

"Nítorí pé wọ́n ga ni, ọ̀gá."

"Àbí nítorí pé wọn kì í ráhùn?"

Ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu obìnrin náà kó tó mọ̀. "Ọ̀gá, ẹ wá sídìí tábìlì mi, kí ẹ kúnlẹ̀, kí èjìká yín bá tèmi dọ́gba. Ẹ lọ aṣọ ibùsùn kan péré. Tí kò bá ní yín lára, mi ò ní sọ̀rọ̀ àpótí mọ́ láyé mi."

"Kí n kúnlẹ̀?" Àga ọ̀gá dún lórí ilẹ̀ bó ṣe dìde. "Èmi? Kí n kúnlẹ̀ fún ta? Ṣé orí ẹ pé, ìwọ obìnrin yìí?"

*Ìwọ.* Ó gbọ́ ọ. Obìnrin tó ti lọ aṣọ níbẹ̀ kí ọkùnrin náà tó mọ ọ̀nà ilé iṣẹ́.

"Láti ọ̀la," ọ̀gá ní, "ibi omi ni kó o wà. Òpó-Iná á wá gba tábìlì ẹ. Tí oṣù yìí bá parí tí ọwọ́ ẹ ò gbọ́, máa lọ tọ́jú ẹ̀ nílé."

Òpó-Iná ni ọkùnrin tó ń fún aṣọ níbi omi. Ó ga bí orúkọ rẹ̀, ọpọ́n omi ibẹ̀ sì wà nísàlẹ̀, débi tó fi jẹ́ pé tó bá ń ṣiṣẹ́, ó máa ń tẹ̀ bí ìwọ̀ apẹja. Wọ́n wá pààrọ̀ wọn. Òpó-Iná dé ìdí tábìlì, ó nà tán, ìgúnpá rẹ̀ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fúnra rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Níbi omi, ọpọ́n náà bá Kúkúrúbíikú mu bí ẹni pé òun ni wọ́n wọ̀n, àmọ́ kí ni àǹfààní rẹ̀? Ọwọ́ tí kò lè de bọ́tìnnì ni wọ́n ní kó máa fún aṣọ ibùsùn tútù. Gbogbo ìgbà tó bá lọ́ aṣọ, òun náà a lọ́ ẹnu.

Ọ̀gá sì wá dúró láàárín gbọ̀ngàn, ó na ìka sí Òpó-Iná. "Ẹ wo ọkùnrin! Ó ń lọ aṣọ, kò so àkísà kankan mọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́, ara rẹ̀ kì í dùn ún."

Kúkúrúbíikú gbọ́ ọ láti ibi omi. Wọ́n ti gba ẹ̀rí òun, wọ́n ti fi dá òun lẹ́bi.

Nígbà ìsinmi ọ̀sán, Òpó-Iná wá bá a, ó ń fọwọ́ ra orí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi."

"Kí lo fi ṣe mí?"

"Wọ́n ń fi mí bú yín. Àtìgbà tí mo ti wà níbi omi yìí ni ẹ̀yìn ti ń dùn mí. Mo kàn dé ìdí tábìlì yẹn, ó lọ. Mo ti sọ fún ọ̀gá pé kì í ṣe agbára mi. Ó ní àdúrà mi ló gbà."

Ẹ̀rín pa Kúkúrúbíikú. Ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, nígbà tó ṣe, kò dá a lójú mọ́ pé ẹ̀rín ni.

Nígbà tó délé, ó lọ bá ọkọ rẹ̀ ní ìsọ̀.

"Bàbá wọn, ẹ fún mi ní ayùn. Èyí tó mú jù."

"Kí lo fẹ́ fi ayùn ṣe?"

"Mo fẹ́ fi lọ aṣọ."

Ọkùnrin náà wò ó. Ó dìde, ó wá inú igun ìsọ̀ títí, ó sì mú ayùn kékeré kan jáde pẹ̀lú ọ̀pá kan tí eruku bò. Ìlà pẹ́ńsùlù ọjọ́ kìíní ṣì wà lára rẹ̀.

"Ṣé kí n bá ọ lọ?"

"Tẹ́ ẹ bá lọ, wọ́n á ní ọkọ mi wá jà. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ èmi."

Ó fi gèlè wé ayùn náà, ó sì mú ọ̀pá náà dání. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ní géètì, Bàbá Géètì dá a dúró.

"Ìyá, kí lẹ dì síbẹ̀ yẹn? Ṣé kì í ṣe àpótí?"

"Ṣé àpótí ló rí pẹlẹbẹ báyìí, Bàbá?"

"Tí kò bá ti jẹ́ àpótí, ẹ máa wọlé. Àpótí nìkan ni wọ́n sọ fún mi."

Òfin ò sọ̀rọ̀ ayùn.

Ó dúró di ìgbà tí ọ̀gá jáde lọ jẹun. Òpó-Iná àti Ẹlẹ́rìn-ín bá a dojú tábìlì rẹ̀ dé. Ó gbé ọ̀pá tì í, ó fàmì síbi tí gígùn ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ, ó sì fi ọwọ́ òsì mú ayùn. Òpó-Iná na ọwọ́.

"Ẹ mú un wá, ẹ̀gbọ́n."

"Jẹ́ n gé ti àkọ́kọ́."

Ọwọ́ òsì ò mọ iṣẹ́ náà. Ayùn ń yọ̀, ó ń bù síbi tí kò yẹ. Àmọ́ inú tó ń bí i mọ ọ̀nà, ó ń ti ọwọ́ náà lẹ́yìn. Ẹlẹ́rìn-ín tẹ orúnkún mọ́ tábìlì kó má mì, kò sì sọ ẹ̀fẹ̀ kankan. Àwọn tó kù ti dìde láti ibi tí wọ́n ti ń jẹun, wọ́n dúró yí wọn ká, àkísà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ gé, tó yí gbirigbiri lọ sílẹ̀, ó gbé ayùn fún Òpó-Iná, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ẹsẹ̀ kan kúrú ju àwọn mẹ́ta tó kù lọ. Wọ́n ká àpò ìrọ̀rí kan, wọ́n fi sí i lábẹ́. Nígbà tí ọ̀gá fi padà, Kúkúrúbíikú ti tú àkísà ọwọ́ rẹ̀, ó ń lọ aṣọ ibùsùn kan díẹ̀díẹ̀, ìgúnpá lẹ́gbẹ̀ẹ́, èjìká nílẹ̀.

Ọ̀gá wo lẹ́búlẹ́bú pákó tó wà nílẹ̀.

"Ta ló gé tábìlì ilé iṣẹ́?"

"Èmi ni."

"Ìwọ ni! Wọ́n ní kó o lọ síbi omi, o wá gé tábìlì! O mọ ohun tó o ṣe? Nǹkan ilé iṣẹ́ lo bà jẹ́ yẹn! Kó ẹrù ẹ, kó o máa lọ!"

Kúkúrúbíikú gbé áyọ́ọ̀nù dúró lórí ìdí rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ò ga, àmọ́ gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ ọ.

"Ọ̀gá, mo gé ẹsẹ̀ tábìlì, ẹ rí i lójú ẹsẹ̀. Ẹ ti ń gé èmi láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé àpótí lọ, ẹ ò rí i. Lójoojúmọ́ ni mò ń dúró síwájú yín pẹ̀lú àkísà lọ́wọ́, ẹ ò rí i. Ẹ lè pe káfíńtà kó kan ẹsẹ̀ tuntun mọ́ tábìlì yìí lọ́la. Ta lẹ máa pè kó wá kan ọwọ́ mọ́ mi?"

Ọ̀gá ṣì na ìka sí ẹnu ọ̀nà.

"Ọ̀gá," Ẹlẹ́rìn-ín ní, "àwọn ará òtẹ́ẹ̀lì ń bọ̀ lọ́la, ẹ sì rí aṣọ tó wà nílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ̀ ọ́ tán ná kẹ́ ẹ tó lé èèyàn."

Ọ̀gá wo òkìtì aṣọ. Ó wo àwọn obìnrin, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó gbójú sá fún un. "Tí àlejò bá lọ tán," ó ní, "a ó rí ara wa." Ó sì wọ ọ́fíìsì rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá àgbàlagbà tó ni ilé iṣẹ́ náà kó àwọn àlejò wá, pẹ̀lú ayàwòrán kan. Wọ́n ń rìn láàárín tábìlì, wọ́n ń mi orí. Obìnrin òtẹ́ẹ̀lì kan dúró nídìí tábìlì kúkúrú náà. Òun náà ò ga. Ó gbé ọwọ́ lé e, ó ká ìgúnpá, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Èyí mà bójú mu o. Ta ló ronú kàn án?"

Áyọ́ọ̀nù kan ń tú ooru.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n gé e, mà," ọ̀gá dáhùn. "Ara òṣìṣẹ́ ni a máa ń kọ́kọ́ rò níbí."

Ẹlẹ́rìn-ín wúkọ́ bí ẹni tí eegun há lọ́fun. Òpó-Iná yíjú sí ògiri. Ọ̀rọ̀ ti wà lórí ahọ́n Kúkúrúbíikú. Àmọ́ bó ti ń wo ẹnu ọkùnrin náà, ó rí i pé irọ́ yẹn ti kan tábìlì mọ́lẹ̀ ju bí ìṣó ṣe lè kàn án lọ. Ẹni tó ti fi í yangàn níwájú ìyá tó ni ilé iṣẹ́ kò lè gbé e ga mọ́, kò sì lè lé ẹni tó ń lò ó. Òtítọ́ lòun fi ra tábìlì náà. Ó dùn ún wọnú egungun pé irú ọjà bẹ́ẹ̀ wà láyé, àti pé òun ló ń ná an. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Ẹ jẹ́ ká ya ìyá yìí pẹ̀lú tábìlì náà," ìyá àgbàlagbà ní.

Ọ̀gá tẹ̀ ba lẹ́yìn rẹ̀ kí orí rẹ̀ lè wọnú àwòrán, ó sì gbé ọwọ́ lé e léjìká. "Ìyá, ẹ gbé áyọ́ọ̀nù sókè kí wọ́n rí i. Ẹ gbé apá sókè dáadáa. Ẹ rẹ́rìn-ín."

"Apá mi ò lọ sókè mọ́, ọ̀gá," ó ní. "Ẹ ya á síbi tó wà."

Bí wọ́n ṣe yà á nìyẹn. Àwòrán náà wà lára ògiri iwájú títí di ìsinsìnyí: ọkùnrin gíga kan tó ń rẹ́rìn-ín tẹyín-tẹyín, àti obìnrin kúkúrú kan tí ìgúnpá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń wo ẹni tó bá ń wo òun.

Ọwọ́ náà ò tíì padà sípò tán. Ó lè lọ aṣọ, ó lè fi kọ́kọ́rọ́ ṣí ilẹ̀kùn, àmọ́ tí òtútù bá mú, ọmọ rẹ̀ ló ṣì ń de bọ́tìnnì òkè fún un. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Àpótí tó ní ẹja lára ṣì wà lábẹ́ fáànù. Tábìlì àwọn obìnrin kúkúrú tó kù ga bó ṣe ga láti ayébáyé, nítorí ọ̀gá ní ọ̀kan tó láti fi han àlejò.

Níjọ́ kan, ọkọ rẹ̀ bi í léèrè ayùn.

"Mo yá Ẹlẹ́rìn-ín," ó dáhùn. "Òun náà ní òun ní aṣọ tí òun fẹ́ lọ̀."